Kí Ló Wà Láti Rí Ní Ilẹ̀ Yewa?

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lónìí, ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ mi kan ló fi ìbéèrè gbé e kò mí lójú, mo sì fẹ́ kí gbogbo wa jọ dáhùn rẹ̀.

Ẹ̀kọ́ nípa ilẹ̀ Yúróòpù ni mo ń kọ́ wọn ní ọjọ́ náà. Mo fi àwòrán àwọn òkè kan hàn wọ́n, ní ìhà àríwá ìwọ̀ oòrùn orílẹ̀-èdè Ítálì, níbi tí wọ́n ti ń gbin àjàrà tí wọ́n fi ń ṣe ọtí wáìnì. Langhe ni wọ́n ń pe ibẹ̀. Oko àjàrà tò lẹ́sẹẹsẹ lára òkè bí irun tí a di, ilé olódi àwọn ìjòyè àtijọ́ sì dúró lórí òkè bí ẹni tó ń ṣọ́ oko. Mo sọ fún wọn pé ní ọdún 2014, àjọ UNESCO kọ orúkọ àwọn òkè náà mọ́ àwọn ibi tí gbogbo ayé gbọ́dọ̀ bá wọn tọ́jú. Mo ní láti ọ̀nà jíjìn ni àwọn ènìyàn ti ń wá, tí wọ́n ń rìn káàkiri, tí wọ́n ń wo ilé àtijọ́, tí wọ́n sì ń tọ́ ọtí wò.

Ọmọ kan nawọ́ sókè. Ọmọ Ìlaròó ni. Ó ní, "Tíṣà, tiwa ńkọ́? Kí ló wà níhìn-ín tí ẹnikẹ́ni lè torí rẹ̀ wá?" Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Èmi kò rẹ́rìn-ín, nítorí mo rí i pé ọmọ náà kò fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ó fẹ́ mọ̀ ni. Agogo sì lù kí n tó dá a lóhùn tán. Ìdáhùn mi nìyí.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ara ilẹ̀ fúnra rẹ̀. Ilẹ̀ Yewa wà ní ìwọ̀ oòrùn Abẹ́òkúta, ó sì lọ títí dé ẹnu ibodè orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀. Ìlaròó wà níbẹ̀, níbi tí Olú ti ń jọba. Aiyétòrò wà níbẹ̀. Ìmẹ̀kọ, Òkè-Ọ̀dàn, Ìpókíá, Ìjànná, àti ọ̀pọ̀ ìlú mìíràn tí n kò ní lè dárúkọ tán. Ẹ̀gbádò ni wọ́n ń pè wá tẹ́lẹ̀. Ní ọdún 1995 ni a pa orúkọ náà tì, tí a sì gba orúkọ odò wa. Odò Yewa ń ṣàn láti àríwá lọ sí gúúsù títí ó fi dé ọ̀sà ní ìhà Àgbádárìgì.

Ẹ má fojú kékeré wo odò yìí. Òrìṣà kan wà tó ń jẹ́ Yewa. Nígbà tí wọ́n kó àwọn ènìyàn wa lẹ́rú lọ sí òkè òkun, wọn kò rí ẹrù kankan gbé dání, àmọ́ wọ́n gbé orúkọ náà lọ sínú. Títí di òní olónìí, wọ́n ń bọ òrìṣà náà ní ilẹ̀ Bràsíl. Ewá ni wọ́n ń pè é lọ́hùn-ún. Odò tí ọmọ mìíràn ń gba orí afárá rẹ̀ kọjá láìbojú wolẹ̀, àwọn kan wà lókè òkun tí wọ́n ń fi orúkọ rẹ̀ gbàdúrà.

Ohun kejì ni ọ̀nà. Ní ayé ìgbà tí Ọ̀yọ́ lágbára, ọ̀nà òwò tó ti Ọ̀yọ́-Ilé lọ sí etí òkun, sí Àgbádárìgì àti Àjàṣẹ́, àárín ilẹ̀ wa ló gbà kọjá. Nítorí èyí ni Aláàfin ṣe fi Onísàrè sí Ìjànná láti máa ṣojú fún òun. Ọjà ń lọ, ọjà ń bọ̀. A kò gbọdọ̀ fi òótọ́ pamọ́ fún ọmọdé: ẹrú wà lára ohun tó ń gba ọ̀nà náà kọjá. Ọ̀nà tó mú ọrọ̀ wá ni ọ̀nà tó kó ọmọ ọlọ́mọ lọ.

Ní oṣù Kejìlá ọdún 1825, òyìnbó kan tó ń jẹ́ Hugh Clapperton gbéra láti Àgbádárìgì, òun àti Richard Lander ìránṣẹ́ rẹ̀ àti àwọn mìíràn. Wọ́n gba Ìlaròó, wọ́n gba Ìjànná, wọ́n sì dé Ọ̀yọ́-Ilé ní oṣù Kínní ọdún 1826. Kí oṣù Kejìlá náà tó parí, àwọn kan nínú àwọn òyìnbó tí wọ́n jọ rìn ti kú sọ́nà. Clapperton kọ ohun tó rí sínú ìwé, wọ́n sì tẹ ìwé náà jáde ní ọdún 1829. Bí etí rẹ̀ ṣe gbọ́ orúkọ ìlú wa ló ṣe kọ ọ́: "Jannah" ni Ìjànná. Ní Ìjànná, ó rí àwọn ahunṣọ lẹ́nu iṣẹ́. Kì í ṣe òfì kan tàbí méjì ló wà nínú ilé kan tó wọ̀, àfi bí ilé iṣẹ́ ńlá. Ó yin aṣọ wọn pé ó dára.

Ẹ̀yin ọmọ ilé-ẹ̀kọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn. Nígbà tí ẹ bá dé Ìjànná òde òní, ìlú kékeré ni ẹ ó bá. Ẹni tí kò bá mọ ìtàn yóò sáré kọjá. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n yóò dúró, yóò wo yangí tó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, yóò sì sọ pé, "Ibí ni ọ̀nà ọba gbà."

Ohun kẹta ni àpá ogun. Ilẹ̀ tó wà láàárín àwọn alágbára méjì kì í sùn dáadáa. Nígbà tí Ọ̀yọ́ wó, kò sí ẹni tó lè dá Dàhọ̀mì dúró mọ́. Ní ọdún 1848, ogun Dàhọ̀mì kó Òkè-Ọ̀dàn. Ní ọdún 1851 àti ọdún 1864, wọ́n gba ilẹ̀ wa kọjá láti lọ ja Abẹ́òkúta. Àwọn Ẹ̀gbá sì lé wọn padà ní ìgbà méjèèjì. Ní ọdún 1862, wọ́n run Ìṣàgá. Ní ọdún 1886, lẹ́yìn tí wọ́n ti dó ti Kétu fún ìgbà pípẹ́, ebi ṣẹ́gun ìlú náà kí idà tó wọ̀ ọ́. Wọ́n sun ilé, wọ́n sì kó àwọn ènìyàn lẹ́rú lọ sí Abomey.

Nítorí náà, nígbà tí ẹ bá gbọ́ pé Ìlaròó ń ṣe ọdún Orónnà, ẹ má rò pé ijó àti ìlù lásán ni. Akọni tó gbèjà Ìlaròó lọ́wọ́ ọ̀tá ni Orónnà. Àwọn àgbà ní kò kú bí ènìyàn ṣe ń kú. Wọ́n ní ó wọlẹ̀ ni. Ẹni tó bá lọ wo ọdún náà, ó ń wo ìlú kan tó ń dúpẹ́ pé òun ṣì wà.

Ẹ tún wo orúkọ Aiyétòrò. Àwọn tí ogun ti tú ká láti ìlú ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n kó ara wọn jọ síbẹ̀ láti máa gbé pọ̀. Wọn kò fi orúkọ jagunjagun kankan sọ ìlú náà. Ohun tí wọ́n ń fẹ́ ni wọ́n fi sọ ọ́: kí ayé tòrò. Mo sábà máa ń sọ fún àwọn ọmọ pé orúkọ náà tó ilé olódi kan, nítorí àwọn tó fún un lórúkọ mọ ohun tí ayé tí kò tòrò ń ṣe fún ènìyàn. Ìlú yìí kan náà ni wọ́n wá kọ́ Comprehensive High School sí ní ọdún 1963, ilé-ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti ń kọ́ ọmọ ní ìwé, iṣẹ́ ọwọ́, iṣẹ́ àgbẹ̀ àti òwò pa pọ̀. Ibi tí àsálà ogun péjọ sí di ibi tí àwọn ọmọ gbogbo ìlú ń wá kàwé.

Ohun kẹrin kò ṣeé fi ojú rí, bẹ́ẹ̀ ló sì le jù gbogbo rẹ̀ lọ. Ààlà ni. Ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹjọ ọdún 1889, ní ìlú Paris, àwọn Gẹ̀ẹ́sì àti àwọn Faransé fọwọ́ sí ìwé pé ibí ni ilẹ̀ tiwa yóò pin sí, ọ̀hún sì ni ti yín. Kò sí ọmọ Yewa kan níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ọmọ Kétu. Ìmẹ̀kọ, tó jẹ́ ara ilẹ̀ ọba Kétu láti ìṣẹ̀dálẹ̀, bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Kétu fúnra rẹ̀ bọ́ sọ́wọ́ Faransé. Ẹ̀gbọ́n di ará ìlú òyìnbó kan, àbúrò di ará ìlú òyìnbó kejì.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Anthony Asiwaju, ọmọ Ìmẹ̀kọ, ti ṣe ìwádìí jinlẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí, ó sì tẹ ìwé rẹ̀ jáde ní ọdún 1976. Ó fi hàn pé ìṣàkóso Faransé ni àwọn ènìyàn wa. Owó orí, iṣẹ́ àfipáṣe, àti kíkó ọ̀dọ́mọkùnrin wọ iṣẹ́ ológun lé ọ̀pọ̀ ènìyàn kúrò ní ìhà ọ̀hún wá sí ìhà ìhín. Òru ni àwọn mìíràn máa ń rìn, tìyátìyá, tọmọtọmọ.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ ti ara mi. Ìyá ìyá mi wà lára àwọn tó kọjá bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yìn ìyá rẹ̀ ló wà, ọmọ ọwọ́ ni. Nígbà tó di arúgbó, ó máa ń sọ ọ́ bí ó bá ń yan ẹ̀pà lọ́wọ́ pé, "Ní ọjọ́ tí a ń sá bọ̀ ní ọ̀hún..." Èmi á ní, "Màmá, ó yé mi," n ó sì padà sídìí ìwé mi. Ọdún tí mo wà ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ni ló kú. Ní ọdún náà gan-an, mo ti há ọdún ogun àwọn ọba ilẹ̀ Yúróòpù sórí, mo sì gba máàkì tó pọ̀. Títí di òní, n kò mọ orúkọ abúlé tí wọ́n ti sá wá. Ìyá mi náà kò mọ̀ ọ́n. Kò sì sí ẹni tó kù tí a lè bi. Èmi tí mo ń fi ìtàn jẹun, mo jẹ́ kí ìtàn ilé mi sọ nù létí ààrò.

Ohun karùn-ún ni Gẹ̀lẹ̀dẹ́. Àwọn àgbà ní ojú tó bá ti wo Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ti dé òpin ìran. Kétu àti Ìlóbì ni ìtàn orísun rẹ̀ ń tọ́ka sí, gbogbo ilẹ̀ Yewa ló sì gbà á. Àwọn ìyá wa ni wọ́n ń fi ijó náà yẹ́ sí, nítorí àwọn baba wa mọ̀ pé agbára obìnrin lè tún ìlú ṣe, ó sì lè tú u ká. Ọkùnrin ni ń jó, àmọ́ ó ń múra bí obìnrin. Ní òru, Ẹ̀fẹ̀ á jáde láti kọrin. Á súre fún ìlú, á sì bú ẹni tó jalè, ẹni tó parọ́ àti ìjòyè tó gbàbọ̀dè, láìbẹ̀rù ẹnikẹ́ni. Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì ni ijó. Lórí ère tí wọ́n gbé sórí, ẹ lè rí ejò àti ẹyẹ, ẹ sì lè rí ẹ̀rọ ìránṣọ, alùpùpù tàbí ọkọ̀ òfúrufú, nítorí agbẹ́gilére kì í pa ojú dé sí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ láyìíká rẹ̀.

Ní ọdún 2001, UNESCO kéde Gẹ̀lẹ̀dẹ́ pé ó wà lára iṣẹ́ àrà tí ọmọ aráyé fi ẹnu àti ara tọ́jú. Ní ọdún 2008 wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé àjogúnbá gbogbo ayé, ní orúkọ Nàìjíríà, Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò pa pọ̀. Ọmọ tó béèrè tiwa lọ́wọ́ mi, ẹ bá mi sọ fún un: kí wọ́n tó kọ orúkọ òkè àjàrà Ítálì sínú ìwé tiwọn, wọ́n ti kọ orúkọ ijó ilé wa. Ẹ sì jẹ́ kó mọ̀ pé ààlà tí wọ́n là ní Paris ní ọdún 1889 kò lè pín ijó náà sí méjì.

Ní ọdún 1950 sí 1951, ọ̀mọ̀wé ará Amẹ́ríkà kan, William Bascom, wà ní Ìmẹ̀kọ. Ó ń wo agbẹ́gilére kan tó ń jẹ́ Duga bó ṣe ń gbẹ́ ère láti orí igi títù títí dé orí ọ̀dà kíkùn, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀. Òyìnbó tó wá láti ìkọjá òkun jókòó ti oníṣẹ́ ọnà wa lójoojúmọ́. Àwọn ọmọ tiwa mélòó ló jókòó tì í? Ní ọdún tó kọjá, mo lọ kí baba agbẹ́gilére kan ní abúlé. Irinṣẹ́ rẹ̀ mọ́ tónítóní. Mo béèrè ọmọ iṣẹ́ rẹ̀. Ó ní, "Èkó ti kó wọn tán." Kò bínú sọ ọ́. Ó kàn mú àdá rẹ̀, ó sì ń gbẹ́ igi rẹ̀ lọ.

Bí ẹ bá dé Ìmẹ̀kọ, ẹ óò tún rí ohun mìíràn. Ibẹ̀ ni wọ́n sin S. B. J. Oshoffa sí, ẹni tó dá Ìjọ Mímọ́ ti Kristi láti Ọ̀run Wá sílẹ̀ ní Àjàṣẹ́ ní ọdún 1947, tó sì kú ní ọdún 1985. Ní ìgbà Kérésìmesì ọdọọdún, àwọn aláṣọ funfun máa ń rọ́ wá síbẹ̀ láti orílẹ̀-èdè púpọ̀. Bí ẹ bá sì kọjá sí Kétu, ẹ wo Akaba Ìdẹ́nà, ẹnu ibodè àtijọ́ tí wọ́n fi amọ̀ mọ, tó ti wà kí ogun ọdún 1886 tó dé. Wọ́n tún ìlú náà kọ́ lẹ́yìn tí Faransé ṣẹ́gun Dàhọ̀mì, àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú sì padà wá sílé.

Ẹ̀yin àgbà tó wà nílé lè máa bi mí pé, "Tíṣà, ọtí ńkọ́? Ṣebí ọtí ni àwọn ará Ítálì fi ń fa àlejò." Ẹ kò purọ́. Àwa náà ní ọtí tiwa. Adẹ́mu ń jí ní kùtùkùtù, á fi igbà sídìí, á gun ọ̀pẹ, á tún ojú ibi tó dá sí ṣe, á sì gbé akèrègbè tó kún sọ̀kalẹ̀. Ní àbàtà etí odò, ògùrọ̀ ni wọ́n ń dá. Àmọ́ ìyàtọ̀ ńlá kan wà. Wáìnì àwọn ará òkè Langhe lè wà nínú àgbá ní abẹ́ ilẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, kó sì máa dùn sí i. Ẹmu kò mọ bẹ́ẹ̀. Ìwúkàrà inú afẹ́fẹ́ kì í fún un láyè: ohun tó dùn ní òwúrọ̀, ó ti le ní ìrọ̀lẹ́, ó ti kan ní ọjọ́ kejì. Bí adẹ́mu kò bá gun ọ̀pẹ lónìí, kò sí ẹmu lónìí. Ti àná kò wúlò fún àlejò.

Mo rò pé bí àjogúnbá wa ṣe rí nìyẹn. Òkúta ni àwọn ará Ítálì fi kọ́ púpọ̀ nínú tiwọn. Bí wọ́n bá tilẹ̀ gbàgbé rẹ̀ fún ọgọ́rùn-ún ọdún, òkúta á ṣì dúró dè wọ́n. Tiwa, ẹnu, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ènìyàn ni a kó púpọ̀ rẹ̀ sí. Ìran kan ṣoṣo tó bá kọ̀ láti gun ọ̀pẹ, akèrègbè gbẹ nìyẹn. Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tí wọ́n kọ sínú ìwé UNESCO kò lè jó nínú ìwé. Ère tó wà ní ilé àkójọ ohun àtijọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù kò ní ẹni tó máa gbé e sórí.

Nítorí náà, iṣẹ́ àṣetiléwá tí mo fún àwọn ọmọ kíláàsì mi ni mo fẹ́ fún gbogbo ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ mi. Ìkínní, kí ẹ tó sùn lónìí, ẹ bi ẹni tó dàgbà jù nínú ilé yín léèrè pé: níbo ni a ti wá, ta ló mú wa wá, kí ló dé tí wọ́n fi kúrò? Ẹ kọ orúkọ abúlé náà sílẹ̀. Ìkejì, ẹ lọ sí ìlú kan ní ilẹ̀ Yewa tí ẹ kò dé rí. Bí ẹ bá dé ibẹ̀, ẹ kí ọba tàbí baálẹ̀ kí ẹ tó máa yọjú káàkiri. Ẹ gba àṣẹ kí ẹ tó ya àwòrán. Ibi tí wọ́n bá ní kí ẹ má wọ̀, ẹ má wọ̀ ọ́. Ìkẹta, ẹ̀yin òbí, bí ọmọ bá ní òun fẹ́ mọ ère gbẹ́ tàbí ìlù lù, ẹ má sọ fún un pé iṣẹ́ ará oko ni.

Mo padà sí kíláàsì ní ọ̀sẹ̀ kejì. Ọmọ Ìlaròó yẹn ló kọ́kọ́ dìde. Ó ti bi bàbá bàbá rẹ̀. Ó mú orúkọ abúlé kan wá, ó kọ ọ́ sára bébà tó ti rún. Ìhà ọ̀hún ààlà ni abúlé náà wà. Ó ní, "Tíṣà, bàbá ní ilé wa ṣì ń bẹ níbẹ̀, àti pé àwọn ń retí wa." Mo ní kó tún orúkọ náà kà sókè kí gbogbo kíláàsì gbọ́. Ó kà á. Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín.

Kí ayé ó tòrò fún gbogbo wa o.